Ta Ni "Alien"? Ọ̀rọ̀ Òfurufú àti Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Moshie Zongo

Ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Moshie Zongo, ní ìlú Tamale, ti gbọ́ èdè méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó ń sọ Dagbani, nítorí òun ni èdè ìlú. Ó ń sọ Hausa, nítorí òun ni gbogbo zongo fi ń ná ọjà, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, tí wọ́n sì fi ń jà. Nílé, ó lè máa sọ Mooré, èdè àwọn Mossi tí wọ́n fi orúkọ wọn pe àdúgbò náà, tàbí Yorùbá bíi tiwa. Gẹ̀ẹ́sì ló wá ṣe ìkẹta tàbí ìkẹrin. Síbẹ̀, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́ ní kíláàsì, ohun tí a máa ń wí ni pé "kò gbọ́ èdè". Ó ya ni lẹ́nu.

Mo ń kọ́ díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́, láàárín ìrun Alásàrí àti Màgàríbì. A ti ka ìtàn ìjàpá, a ti ka ti bọ́ọ̀lù, a ti ka ti oúnjẹ. Èyí tó ń mú ojú wọn là jù ni ìtàn àwọn tó ń lọ sí òfurufú. Àwọn kọ́ ni yóò kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1959 ni rédíò Voice of America ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Special English. Nǹkan bí 1,500 ọ̀rọ̀ péré ni wọ́n ń lò níbẹ̀, olóòtú a sì máa kà á díẹ̀díẹ̀ kí ẹni tó ń kọ́ èdè lè máa bá a lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló fi etí kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò, nígbà tí ìròyìn rọ́kẹ́ẹ̀tì àti òṣùpá gba ayé kan.

Èrò mi nìyí: mi ò tíì rí àkòrí tó dára ju òfurufú lọ láti fi kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí a ti ń kọ́ ọ kò dára. Ọ̀rọ̀ ń wọ orí ọmọ, ìtumọ̀ dúró síta. Ọ̀rọ̀ àjèjì kan kì í di tẹni títí a ó fi gbé e kọjá nínú èdè tí a ti ní tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan sì wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ òfurufú yìí, "alien", tí kò yẹ kí ọmọ kankan ní Moshie Zongo kọ́ láìmọ ìdí rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi lé àwọn bàbá wa kúrò ní ìlú yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ òfurufú ní Gẹ̀ẹ́sì ni kò ti òfurufú wá. Ilé àti ọjà ni wọ́n ti kó wọn lọ sókè. "Dish" ni àwo oúnjẹ. Òun náà ni wọ́n ń pe irin ràbàtà tó wà ní Kuntunse lẹ́bàá Accra, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 32. Tẹlifóònù ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn tán lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ Ghana àti ti South Africa sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń gba ìró láti ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017. "Capsule" ni oògùn kékeré tó ní èèpo, tí ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀. Òun náà ni wọ́n ń pe ohun tóóró tí John Glenn jókòó sí nígbà tó yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1962. Bó ṣe ń kọjá lókè ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó tí Amẹ́ríkà kọ́ sí Kánò ló ń bá a sọ̀rọ̀. "Shuttle" ni igi kékeré tí ahunṣọ fi ń ju òwú lọ, tó sì fi ń jù ú bọ̀. Ọmọ tó bá ti dúró lẹ́yìn àwọn tó ń hun aṣọ fugu ní apá Àríwá yìí ti rí i. Bí a bá fi hàn án, kò sí ìdí láti tún máa kọ́ ọ sórí pé kí ni ìdí tí Amẹ́ríkà fi pe ọkọ̀ òfurufú wọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọdún 1981 sí 2011 ní "space shuttle". Ọkọ̀ tó ń lọ, tó ń bọ̀, ni.

"Station" ló tún dùn jù. Ní Ghana, "station" ni ibi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò. Ṣùgbọ́n ọmọ Moshie Zongo ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń gbé inú rẹ̀. Zongo, tí Hausa ń pè ní zango, ni ibi tí àwọn oníṣòwò tó ń rìn ọ̀nà jíjìn ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, tí wọ́n ti ń fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lómi, tí wọ́n ti ń sùn kí wọ́n tó tẹ̀síwájú. Níbi tó bá dùn mọ́ wọn, wọ́n a kọ́lé, wọ́n a bímọ, zango a di àdúgbò. Ibùdó òfurufú ti àpapọ̀ orílẹ̀-èdè, tí ènìyàn kò tíì kúrò nínú rẹ̀ láti oṣù Kọkànlá ọdún 2000, kò ju zango lọ. Àwọn ará Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà, Japan àti Yúróòpù ń dé, wọ́n ń sọ ẹrù, wọ́n ń bá ara wọn sọ èdè tí kì í ṣe ti ilé wọn. Nǹkan bí kìlómítà 400 ló wà lókè wa. Ọ̀nà ọkọ̀ láti Tamale dé Accra gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí ó bá ń kọjá, ojú lásán la fi ń rí i bí ìràwọ̀ tó ń rìn láìṣẹ́jú. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ọmọ pé zongo ni ohun tó ń lọ yẹn, kò sí ẹni tó tún bi mí léèrè ohun tí "space station" jẹ́.

Èdè wa náà kò dúró lẹ́yìn. Láti inú èdè Gíríìkì ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú "astronaut", ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni atukọ̀ ìràwọ̀. Yorùbá pe ti orí omi ní ọkọ̀, ó pe ti ojú ọ̀nà ní ọkọ̀, ó pe ti òfurufú ní ọkọ̀. Ọ̀nà kan náà ni ọgbọ́n wa àti ti Gíríìkì gbà. Rédíò Hausa ń pe astronaut ní ɗan sama jannati, bí ẹni wí pé ọmọ ojú sánmà, ará àlùjánnà. "Planet" túmọ̀ sí alárìnkiri, nítorí àwọn ará ìgbàanì rí i pé ìràwọ̀ kan wà tí kì í dúró ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn bàbá wa rí ìràwọ̀ náà, wọ́n sì pè é ní Àgùàlà. Àwọn Dagomba sì ń fi goli, òṣùpá, ka oṣù wọn. Òun ni wọ́n fi ń mọ alẹ́ tí ọdún Iná, Buɣum, bọ́ sí, tí gbogbo Tamale fi ń gbé ògùṣọ̀ jáde. Ọmọ tó ti ń wo òṣùpá láti mọ ìgbà ọdún kò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òfurufú láti òdo.

Báwo la ṣe ń kọ́ ọ báyìí? Ìwé a ní "gravity" ni báyìí báyìí, ọmọ a kọ ọ́ sórí, a bì í sórí ìwé ìdánwò, ó parí. Ọmọ kan ka ìtumọ̀ "gravity" fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí. Mo ní kí ó sọ ọ́ fún mi ní Hausa, ó rẹ́rìn-ín. Mo ju bọ́ọ̀lù sókè, ó bọ́ sílẹ̀. Mo bi í pé, "Kí ló pè é padà?" Ó fi Hausa dáhùn pé ilẹ̀ ni. Mo ní, "Bí ilẹ̀ bá ń pe bọ́ọ̀lù, kí ló dé tí kò pe òṣùpá?" Ó ronú títí, àwọn yòókù dá sí i, wọ́n ń pariwo, Hausa àti Dagbani dàpọ̀. Iṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi wà nídìí rẹ̀, kí ẹnì kan tó ní ilẹ̀ ń pe òṣùpá, òṣùpá ló ń sáré ju kí ó bọ́ lọ. Ìgbà yẹn ni mo wá kọ "orbit" sójú pátákó. Wọn kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo nìyí. Ọmọ ọdún 12 kan, ọmọ Yorùbá, ń ka ìwé ìtàn Ghana fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó gbé e wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé àwọn alien wá sí Tamale lóòótọ́?" Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ ewé olójú ńlá inú fíìmù. Ohun tó ń kà ni òfin ọdún 1969 tí wọ́n pè ní Aliens Compliance Order. Mo ní, "Wọ́n wá. Wọ́n ń ta aṣọ lọ́jà. Bàbá bàbá rẹ wà lára wọn."

Ẹ wo ọjọ́ tí nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1969, ènìyàn kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, Apollo 12 gbéra láti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 18, ìjọba Kofi Busia ní Accra pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọjọ́ 14. Ní ọjọ́ 19, Charles Conrad àti Alan Bean sọ̀kalẹ̀ sórí òṣùpá. Ní ọjọ́ 24, wọ́n ti padà délé. Nígbà tí oṣù Kejìlá fi wọlé, àwọn Yorùbá Tamale ti wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù, wọ́n ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì, ìlú tí àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọn kò fojú rí rí. Àṣẹ náà kò dárúkọ Yorùbá nìkan. Ó kan Hausa, ó kan Mossi, ó kan gbogbo ẹni tí baba rẹ̀ ti òkèèrè wá. Ṣùgbọ́n Yorùbá ló di ọjà Àríwá Ghana mú nígbà náà, ìwé tí J. S. Eades kọ lórí wọn ní ọdún 1993 sì fi hàn bí wọ́n ṣe fìdí múlẹ̀ tó kí wọ́n tó tú wọn ká. Ayé ń wo ènìyàn méjì tó dé ibi tí kì í ṣe tiwọn lórí òṣùpá, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nílẹ̀ níbí, ẹni tí wọ́n bí sí Tamale di "alien".

Mi ò sọ èyí láti gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní Nàìjíríà fi irú ọ̀rọ̀ kan náà lé ọ̀kẹ́ àìmọye ará Ghana jáde, báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí sì ń jẹ́ "Ghana Must Go" lẹ́nu wa títí dòní. A ń fi orúkọ náà ra báàgì láìrántí ẹni tí ó gbé e lọ.

"Alien" jẹ́ ọ̀rọ̀ Látìnì láti ìpìlẹ̀: "ti ẹlòmíràn". Agbẹjọ́rò ló ti ń lò ó kí àwọn onífíìmù tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo ní kí àwọn ọmọ mú un lọ sí èdè ilé wọn, ohun tó jáde yà wá lẹ́nu. Ní Hausa, baƙo ni. Ní Dagbani, saana ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè méjèèjì fi ń pe àjèjì, òun kan náà ni wọ́n fi ń pe àlejò tí a ń gbé omi fún. Yorùbá ya àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára àjèjì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òní la rí àjèjì, ọ̀la ló ń di àlejò, ọ̀túnla ló ń di àna ẹni. Nínú ọ̀rọ̀ òfin ọdún 1969, kò sí omi rárá. Ọmọ tó bá kọ́ "alien" lórí fíìmù nìkan kò lè mọ ìyàtọ̀ yìí. Ọmọ tó bá gbé e kọjá nínú baƙo àti saana àti àlejò yóò mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì náà ń sọ, yóò sì mọ ohun tí kò sọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ kì í ṣe eré.

Àwọn kan yóò ní: "Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò BECE. Wákàtí tí o bá fi sọ Hausa, Gẹ̀ẹ́sì lo jí i lọ́wọ́ rẹ̀." Èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí àwọn tí wọ́n lé ní Ghana délé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n wò wọ́n mọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ohun tí a fi Yorùbá yé ọmọ ni ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ.

A mọ èyí láti àádọ́ta ọdún, a sì tún ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Haruna Iddrisu, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Ghana, ọmọ Tamale gan-an, pàṣẹ pé kí èdè abínibí di dandan ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Nàìjíríà fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbè sẹ́yìn ti Ghana. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan fún un. Èdè 11 ni ìjọba Ghana gbà wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́. Dagbani wà lára wọn, Hausa kò sí, Mooré kò sí, Yorùbá kò sí. Ní Moshie Zongo, "èdè abínibí" tí ìjọba ní kí a fi kọ́ ọmọ lè jẹ́ èdè ilé aládùúgbò rẹ̀.

Èyí gbé àtakò kejì wá, òun ló sì lágbára jù: kíláàsì tó ní èdè mẹ́rin, èwo ni olùkọ́ yóò sọ? Mi ò ní òògùn gbogbo-n-ṣe. Ohun tí mo rí ni pé olùkọ́ kò ní láti gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó lè fi Dagbani ṣe àlàyé, kí ó pín ojú pátákó sí òpó mẹ́rin, kí ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí òkè, kí ó ní kí àwọn ọmọ lọ béèrè nílé. Ìyá àgbà tí kò kàwé rí yóò wá di ẹni tí kíláàsì ń dúró de èsì rẹ̀. Bí èdè kan kò bá ní ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n ṣe àlàyé rẹ̀ bí ènìyàn. Bí àlàyé bá pọ̀ jù, kí wọ́n yá a, kí a máa wí pé sátẹ́láìtì, rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sí èdè tí kò yáwó.

Nǹkan tí a ó sì fi kọ́ wọn kò jìnnà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan gbéra láti Florida. Nínú ẹrù rẹ̀ ni GhanaSat-1 wà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ All Nations University ní Koforidua ṣe. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Nigeria EduSat-1 wà, tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Àkúrẹ́ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àpótí kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Keje, ibùdó òfurufú náà ló tú wọn sílẹ̀ láti máa yí ayé po. Ghana àti Nàìjíríà wọ ọkọ̀ kan náà, wọ́n sùn ní zongo kan náà, kò sí ẹni tó béèrè ìwé ìgbélùú.

Wọ́n máa ń ní Àgùàlà tó ń bá òṣùpá rìn, ajá òṣùpá ni. Irọ́ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá, ìrìn àjò tirẹ̀ ló ń lọ. Ọ̀pọ̀ wa ń wo èdè ilé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bí a ti ń wo Àgùàlà. Mo bẹ àwọn olùkọ́ ní Tamale, mo bẹ àwọn tó ni ilé iṣẹ́ rédíò tó ń sọ Hausa àti Dagbani níbẹ̀, mo sì bẹ àwọn òbí tó ń fi ìyà jẹ ọmọ tó bá sọ èdè ilé nínú ilé: ẹ fún àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ òfurufú, ẹ fún wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fi gbogbo ahọ́n tí wọ́n ní tọ́ ọ wò. Ọmọ tó bá mọ "alien" ní èdè mẹ́rin kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pe aládùúgbò rẹ̀ láìbi í pé kí ló ní lọ́kàn.